Ìbọ̀wọ́ Tí A Fi Ń Ṣe Ọgbà: Fífọ̀ Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

   Ohun kékeré ni a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn tàbí sábẹ́ àtẹ̀gùn nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí a kì í rántí mọ́ títí di ọjọ́ mìíràn tí koríko bá tún hù. Ìbọ̀wọ́ ọgbà ni mo ń wí.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ṣebí nítorí ìdọ̀tí ni a ṣe rà á? Kí ni a tún ń fọ̀ ọ́ sí?" Òótọ́ ni pé nítorí ìdọ̀tí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ ni a fẹ́ kí ìdọ̀tí wà, kì í ṣe inú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí oògùn bá ti wọ inú rẹ̀ burú ju ọwọ́ lásán lọ. Bí oògùn apakòkòrò bá ta sí ọwọ́ lásán, a ó rí i, a ó sì sáré wá omi àti ọṣẹ. Bí ó bá wà nínú ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ooru àti ìlàágùn ọwọ́ yóò máa mú un wọ ara lọ fún odindi wákàtí kan tàbí méjì, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò sì máa rò pé òun ti dáàbò bo ara òun. Èyí gan-an ni ó mú mi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín. Ọgbà ẹ̀fọ́ ti pọ̀ ní àyíká ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni oògùn apakoríko àti apakòkòrò ti di ohun tí a ń rà bí ẹni ra iyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan nípa ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí a tó lọ jìnnà. Ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Halsted. Nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ olórí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ rẹ̀, Caroline Hampton, ń jìyà gidigidi, nítorí oògùn líle tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn nígbà náà, èyí tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, ń bó ọwọ́ rẹ̀. Láàárín ọdún 1889 sí 1890, Halsted ní kí ilé iṣẹ́ rọ́bà Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Ọwọ́ arábìnrin náà rí ìtura, nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà ọdún 1890, àwọn méjèèjì di tọkọtaya. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe nítorí aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ìbọ̀wọ́ wọ̀nyẹn. Nítorí ọwọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ni, kí oògùn má baà jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó rí i pé ó ń dáàbò bo aláìsàn pẹ̀lú. Nítorí náà, bàbá tí ó bá ra ìbọ̀wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọgbà kò ṣe ohun àjèjì rárá.

Kì í ṣe gbogbo ìbọ̀wọ́ ni ó wà fún gbogbo iṣẹ́

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni ti òwú tí a hun, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mìíràn ní rọ́bà. Ó dára fún títu koríko, kíká ilá àti gbígbé pákí. Ti awọ wà fún ẹ̀gún: bí ẹ bá ń gé ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí tí ẹ ń wú ẹ̀kan, tí ìdí rẹ̀ máa ń mú bí abẹ́rẹ́, ti awọ ni kí ẹ wọ̀. Ti rọ́bà ni ti omi, ti ìgbẹ́ adìyẹ àti ti oògùn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọn yóò wọ ìbọ̀wọ́ òwú tàbí ti awọ fín oògùn. Òwú a máa mu oògùn bí kàn-ìn-kàn-ìn ṣe ń mu omi. Awọ pẹ̀lú a máa mu ún, bí ó bá sì ti mu ún, kò sí fífọ̀ tí ó lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Ẹ sọ ọ́ nù ni. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ẹ fi ń fọ àwo ńkọ́? Ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ wò ó. Púpọ̀ nínú wọn ní ohun kan bí irun òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú kí ó lè rọ ọwọ́ lọ́rùn. Irun yẹn ni oògùn máa ń fara pamọ́ sí. Fún oògùn, ẹ ra èyí tí inú rẹ̀ dán bọ̀rọ́, tí ó nípọn, tí ó sì gùn kọjá ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń pè ní nitrile, òun ni ó dára jù, nítorí pé ó lè dúró níwájú oògùn tí a fi epo pò ju rọ́bà lásán lọ. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kì í ṣe ti oko. Ó tètè ń ya, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń lò ó, a kì í fọ̀ ọ́ lò padà.

Bí agbára bá wà, ẹ ra méjì dípò ọ̀kan: ọ̀kan fún erùpẹ̀, ọ̀kan fún oògùn. Ẹ kọ "OÒGÙN" gàdàgbà sára ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má baà mú un lọ ká ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ máa sè ní alẹ́.

Fífọ ìbọ̀wọ́ oògùn

Ẹ má tíì bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ rántí nìyẹn bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo èyí tó kù. Nígbà tí ẹ bá fín oògùn tán, tí ẹ ti fọ páńpù, ìbọ̀wọ́ ṣì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bu omi sínú ike tí ó wà fún iṣẹ́ yìí nìkan, ẹ fi ọṣẹ sí i, kí ẹ sì máa fọ ọwọ́ yín bí ẹni tí kò wọ ìbọ̀wọ́: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, títí dé òkè ibi tí ó parí sí. Ẹ da omi náà nù, ẹ bu òmíràn, ẹ tún un ṣe. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán tó, kò sí ọṣẹ àkànṣe tí ẹ máa wá kiri. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìka kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ kí ó tú, kí ẹ wá bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì tún fọ ọwọ́ yín gan-an kí ẹ tó fi kan ojú, oúnjẹ tàbí ọmọ.

Kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe dípò èyí? Wọn yóò fi eyín fa ìbọ̀wọ́ bọ́! Oògùn tí wọn kò fẹ́ kí ó kan ọwọ́ ni wọ́n wá fi ẹnu gbà yẹn. Èyí tí ó tún burú ni ti omi inú ọ̀rá. Òùngbẹ á gbẹ ẹni tí ń fín oògùn, oòrùn ń mú, á fi ọwọ́ tí ìbọ̀wọ́ wà gbá ọ̀rá omi mú, á já igun rẹ̀ pẹ̀lú eyín, á sì fà á mu. Mo bẹ̀ yín, bí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ fọ ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ ọ, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan omi mímu.

Ọ̀rọ̀ apá aṣọ náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ń fín koríko ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá aṣọ yín bo ẹnu ìbọ̀wọ́ láti òkè, kí omi oògùn tí ń ṣàn bọ̀ má baà wọ inú ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igi ni ẹ ń fín, tí ẹ gbé ọwọ́ sókè, inú ìbọ̀wọ́ ni apá aṣọ yẹ kí ó wà, kí ẹ sì ká ẹnu ìbọ̀wọ́ náà padà díẹ̀ kí ó lè gba èyí tí ń kán.

Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ dé etí kànga, kò gbọ́dọ̀ dé odò, kò gbọ́dọ̀ sí níbi tí adìyẹ ti ń mu omi. Ẹ dà á sórí ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín tán yẹn.

Wàyí o, ta ni yóò fọ̀ ọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ni ó máa ń fín oògùn, ìyá tàbí ọmọbìnrin ọ̀dọ̀ ni yóò sì kó aṣọ àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni kí ó fọ̀ ọ́, nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ìgbà yẹn ni ó rọrùn jù tí ewu rẹ̀ sì kéré jù. Kí aboyún má ṣe fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ìbọ̀wọ́ oògùn bọ́ sínú báàfù tí ẹ rẹ aṣọ ọmọ sí, àní kí ó jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Aṣọ tí bàbá wọ̀ fín oògùn pẹ̀lú, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ sá a. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni tí ó fín oògùn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń làágùn ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ má yára sọ pé ibà ni. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò oògùn náà lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ń bá jà. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi epo pa á lára. Omi àti ọṣẹ ni.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan oògùn apakoríko tí ń jẹ́ paraquat. Oògùn yìí kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá gbé e mì, ìwọ̀nba díẹ̀ lè pa á, ó sì lè gba ojú egbò ọwọ́ wọ inú ara. Àjọ NAFDAC fi òfin de kíkó o wọlé àti lílò ó ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Bí ìgò àtijọ́ bá ṣì wà nínú yàrá ìkẹ́rù yín, ẹ má lò ó, ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò mìíràn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba bí ẹ ó ṣe gbé e kúrò nílé. Ìbọ̀wọ́ tí ẹ fi ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun náà lọ.

Ti erùpẹ̀ àti ti awọ

Èyí rọrùn díẹ̀. Bí ẹ bá ti tu koríko tán, ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ ara ìbọ̀wọ́ òwú gbẹ, kí ẹ wá gbọ̀n ọ́n mọ́ ara ògiri tàbí igi. Ẹrẹ̀ tútù tí a bá gbé sínú omi yóò kàn wọ inú òwú lọ ni. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ní rọ́bà, omi gbígbóná kò dára fún un, yóò bó. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúrò, ẹ má fi ara yín ṣòfò lórí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ wèrèpè ni ẹ bá pàdé nínú igbó, ẹ má fi ọwọ́ lásán bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ẹ má sì gbọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ti ọwọ́ méjèèjì bọ omi ọṣẹ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí irun rẹ̀ lè bá omi lọ.

Àwọn kan fẹ́ràn láti da Hypo tàbí Jik lé gbogbo nǹkan. Bí ìgbẹ́ adìyẹ bá ṣì wà lára ìbọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, nítorí pé bí oògùn ìfọṣọ wọ̀nyí bá pàdé ohun tí ń ta nímú nínú ìgbẹ́ adìyẹ, òórùn tí ó máa jáde léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgbẹ́ náà kúrò pátápátá, ìyẹn ti tó.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí inú ìbọ̀wọ́ mọ́ ni pé kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Ẹ̀gún á gún ìbọ̀wọ́, á gún ọwọ́, erùpẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ó wà nínú ìbọ̀wọ́ á sì bá ojú egbò wọlé. Àwọn ìyá mọ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n máa ń gbà á nígbà oyún. Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Nígbà wo ni ẹ gbà á kẹ́yìn? Ẹni tí ń ṣe ọgbà yẹ kí ó máa gbà á ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, bí ẹ̀gún bá sì gún un jinlẹ̀, kí ó lọ fi han nọ́ọ̀sì.

Ìbọ̀wọ́ awọ kò fẹ́ rírẹ sínú omi. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá erùpẹ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí jù, ẹ wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti bọ inú omi ọṣẹ nù ún, ẹ fi èyí tí ó mọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó bá ń gbẹ lọ, ẹ máa wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa ká ìka yín, kí ó má baà gan. Tí ó bá gbẹ tán, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á. Òrí díẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe bí ẹni fẹ́ para.

Sísá àti fífi pamọ́

Abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ni kí ẹ sá gbogbo wọn sí. Rọ́bà tí a ń wí yìí, oje igi ni, irú igi tí wọ́n ń dá ní oko rọ́bà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Dẹ́ltà àti Òndó. Oòrùn a máa mú kí ó ya wẹ́wẹ́, kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù a sì máa jẹ ẹ́ títí yóò fi wú, tí yóò sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Nítorí náà, ẹ má fi kẹrosíìnì fọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bí ó ti wù kí oje tàbí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn tó. Ẹ má sá a sórí páànù, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Inú ni kí ẹ kọ́kọ́ yí síta. Bí inú bá gbẹ, ẹ yí i padà kí ẹ̀yìn náà gbẹ. Bí ó bá ṣòro láti wọ̀, àtíkè díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ìbọ̀wọ́ tí kò gbẹ, tí ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin ń wọ̀ kiri, a máa pín làpálàpá àti àrùn èékánná fún wọn. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Àwọn tí ń tún àyíká ilé ìjọsìn ṣe pẹ̀lú, kí wọ́n kọ orúkọ sí i.

Ẹ fi ohun ìkáṣọ há ìka rẹ̀ lórí okùn, kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, ní ibi tí kì í ṣe ilé ìdáná, tí kì í sì í ṣe orí ìgò oògùn. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àkeekèé fẹ́ràn ibi tí ó ṣókùnkùn, ìka ìbọ̀wọ́ sì dà bí ilé tí wọ́n kọ́ dè é.

Ẹ máa yẹ ti rọ́bà wò kí ẹ tó fín oògùn. Ẹ bu omi kún inú rẹ̀, ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, kí ẹ fún un. Bí omi bá yọ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò náà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. A kì í lẹ ìbọ̀wọ́ oògùn bí ẹní lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Èyí tí ó bá le gbagidi, tí ó ya wẹ́wẹ́ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, kí òun náà lọ.

Ẹ má sun ún, nítorí èéfín rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi àdá gé àwọn ìka rẹ̀ kúrò, ẹ di í sínú ọ̀rá kí ẹ tó kó o fún àwọn tí ń kó ìdọ̀tí. Bí ẹ kò bá gé e, àwọn ọmọdé yóò ṣà á lórí ààtàn, wọn yóò sì fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ láti fi ṣeré.